Bí mo ṣe jí Peugeot 504 bàbá mi dìde

Oṣù méje ni Peugeot 504 bàbá mi fi dúró lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Kakuri kí n tó fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá, kò sẹ́ni tó lọ́kàn àtiwà á. Èmi ni mo ní kò gbọdọ̀ kú síbẹ̀. Kàdúná níbí ni wọ́n ti tò ó. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot nílùú yìí, tuntun sì ni bàbá rà á.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó ní kí n lọ ra kọ́ìlì tó ń sọ iná bátìrì di alágbára, pọ́ǹpù epo àti kabúrétọ̀ tuntun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Kò yọ ìkankan nínú àwọn pílọ́ọ̀gì tó ń ta iná nínú ẹ́ńjìnnì wò. Ó dùn mí gan-an. Mo bá lọ bá Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́, aládùúgbò wa tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún 504 ṣe ní ọjà Panteka ní Kàdúná níbí kó tó fẹ̀yìn tì.

“Má tíì ra nǹkan kan,” wọ́n ní. “Ẹ́ńjìnnì ń yí àbí kò yí?”

Mo ní, “Ó ń yí dáadáa, bàbá. Mo ti ṣáàjì bátìrì. Kì í kàn jí ni.”

“Iná tàbí epo nìyẹn. Iná la máa kọ́kọ́ wò.”

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí sípánà. A yọ pílọ́ọ̀gì kan, a dá wáyà rẹ̀ padà sí i lórí, a gbé ìdí rẹ̀ ti irin ẹ́ńjìnnì, àbúrò mi wá yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń jù. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ mi orí. Wọ́n ní iná tó dáa máa ń dún tà, àwọ̀ rẹ̀ á sì jọ ti aró. Wọ́n tún ní kí n fi àtàǹpàkò dí ihò pílọ́ọ̀gì náà bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Afẹ́fẹ́ tì mí lọ́wọ́ kúrò. Ìyẹn ni pé ara ẹ́ńjìnnì ṣì le.

A ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì. Ojú kọ́ńtáàtì, irin méjì tó ń pàdé tó sì ń pínyà nínú rẹ̀, tó yẹ kó máa dán ti funfun bí ẹni fi eérú kùn ún. A fi sáńpépà tó kúnná ha á, a nù ún gbẹ, a sì tún àlàfo rẹ̀ ṣe sí 0.4 mìlímítà. Àwọn kan máa ń fi páálí ìṣáná wọn àlàfo yìí, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un kò wọ́n rárá, òun ni kí ẹ rà. Nígbà tí a tún dán pílọ́ọ̀gì wò, iná dún tà, ó dúdú bí aró.

Síbẹ̀, ọkọ̀ ò jí.

A yọ pílọ́ọ̀gì lẹ́yìn tí a ti yí i títí. Ó gbẹ táútáú. Ká ní ó tutù ni, à bá sọ pé epo ti pọ̀ jù. Gbígbẹ tó gbẹ yìí fi hàn pé epo kò dé ibẹ̀ rárá. Bàbá da epo bí ìdérí ìgò omi kan sí ẹnu kabúrétọ̀, wọ́n sì dá ilé fílítà afẹ́fẹ́ padà kí a tó yí kọ́kọ́rọ́, torí kabúrétọ̀ lè tu iná síni lójú. Ẹ́ńjìnnì bú gbàmù, ó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó kú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ojú ọ̀nà epo nìkan ló kù tí a ó wá.

A yọ wáyà kékeré tó ń gbé iná wá sí kọ́ìlì, kí iná má baà ta nítòsí epo, a fa rọ́bà epo yọ lára kabúrétọ̀, a ti ẹnu rẹ̀ bọ ìgò. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ni epo ń tu sínú ìgò, fìà, fìà. Pọ́ǹpù tí mẹkáníìkì ní kí n lọ rà, nǹkan kan kò ṣe é! Ṣùgbọ́n epo náà pọ́n bíi tíì, ó sì ń rùn bí ọ̀dà tó ti pẹ́.

Mo tú orí bátìrì, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára kabúrétọ̀, kó má baà wọ inú rẹ̀, mo wá ṣí i. Nǹkan bí oje igi, aláwọ̀ oyin, ti bo ìsàlẹ̀ ibi tí epo ń dúró sí. Abẹ́rẹ́ tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún epo bí fùlóòtù, ohun tó ń léfòó lórí epo, bá ti lọ sílẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀. Mo fìka fà á, ó já pà. Mo gbé jẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá, sójú oòrùn, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Mo ti mú wáyà tín-ín-rín kan láti fi gún un, Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi.

“Idẹ ni, ó rọ̀. Bí o bá fi wáyà gún un, ihò rẹ̀ á fẹ̀, ọkọ̀ yìí á sì máa mu epo bí omi.”

Inú tínà la rẹ ẹ́ sí fún wákàtí kan, a wá fi pọ́ǹpù táyà fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo tún gbé e sókè, oòrùn yọ nínú rẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Mo gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun láti inú páálí tí mo rà ní Panteka, a fa epo àtijọ́ jáde nínú táńkì, a da lítà márùn-ún tuntun sí i, a sì fi fílítà tuntun sí ojú ọ̀nà epo.

Mo fa ṣóòkù, tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè jí. Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, kò dáhùn. Kabúrétọ̀ ṣì ń gba epo sínú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbá a mú, èéfín tú, ó wá ń dún lọ. Màmá mi jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú omorogùn lọ́wọ́. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì gbé e kúrò títí omorogùn fi kán àmàlà sí wọn lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo yọ fílítà wò: ìpẹtà ti wà nínú rẹ̀. Táńkì ni mo máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.