Bí mo ṣe tẹ àwòrán ìlú tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá fún Bàbá

Orúnkún ò jẹ́ kí Bàbá lè lọ sí agboolé mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ni wọ́n ti ń bi mí léèrè: ta ló tún òrùlé ṣe, ògiri ta ló wó? Ni mo bá ní n ó ya Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wọn ní pálọ̀, àwòrán gbọọrọ kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní gígùn, méjì ní gíga.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló jẹ́ kí n gun orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Takie. Àárọ̀ ọjọ́ tí òjò ti fọ eruku lálẹ́ àná ni mo lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ má wulẹ̀ gbé kámẹ́rà jáde. Píksẹ́lì, ìyẹn àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán, 6,000 ní 4,000 ni kámẹ́rà mi ń yà. Mo gbé e dúró lóòró lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo yà á lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láti òsì lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gun èkejì ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìmọ́lẹ̀, àwọ̀, ibi tí ojú rẹ̀ ń wò, n ò jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ yan ọ̀kankan. Ìgbà kan tí mo gbàgbé ti àwọ̀, ojú ọ̀run rí bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀ ní ìrépé mẹ́ta.

Hugin, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń so àwòrán pọ̀, ni mo fi rán wọn pọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó wà lọ́nà jíjìn ò yọ mí lẹ́nu, àmọ́ irin tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti bára mu, torí ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló máa ń yẹ̀ jù bí a bá ṣe ń yí i. Mo gé e dànù. Ọlọ́kadà kan tún wà tó ní iwájú, tí kò ní ẹ̀yìn. Ìyẹn gbà mí tó wákàtí kan.

Ohun tó kù jẹ́ píksẹ́lì 26,400 ní 5,280. Ẹ pín 26,400 sí íńṣì 120 tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jẹ́, ẹ ó rí 220 fún íńṣì kan. Àwọn tó ń tẹ báńà á ní 100 ti tó, wọn ò sì purọ́, bó bá jẹ́ ohun tí èèyàn ń wò látorí ọ̀kadà. Bàbá ò wo nǹkan báyẹn. Wọ́n á bọ́ jígí ojú, wọ́n á gbé imú lé e. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba flex, aṣọ oníke tí wọ́n fi ń ṣe báńà. Okùn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa ń hàn. Sítíkà ni mo ní kí wọ́n lò.

Àṣìṣe mi nìyí: mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé lórí WhatsApp, kí ó kàn lè dá iye lé e. Ojúlówó rẹ̀, tó ju 400MB lọ, wà nínú fláàṣì lápò mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ti tẹ̀ ẹ́ o!” Mo wò ó. WhatsApp ti fún un pa. Páànù gbogbo ìlú rí bí ẹ̀kọ tó dànù, táyà tó wà lórí òrùlé agboolé wa ò yàtọ̀ sí àbàwọ́n epo. Ohùn lọ sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà a pín àdánù náà sí méjì.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ bàtà kan ni mo ní kó kọ́kọ́ tẹ̀, ibi tí agboolé wa wà gan-an. Àwọ̀ ìpẹtà páànù dúdú ju ti ojú kọ̀ǹpútà lọ, mo sì tan ibi tó ṣókùnkùn sí i. Mo ní kó tan jẹnẹrétọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ láàárín, ìlà á gba àárín ìlú kọjá. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí yíǹkì gbẹ, a tó fi ọ̀rá bò ó. Mo ká a, ojú rẹ̀ síta, mo gbé e lé orí ọ̀kadà. Káfíńtà ló bá mi fi pákó tẹ́ ẹ.

Bàbá bọ́ jígí. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n kọjá ilé méjì mẹ́ta, ìka dúró.

“Àkànní, wọn ò tíì gbé táyà yìí sọ̀kalẹ̀?”