Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ásímà ọmọdé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù òògùn wa ní Mọ́kọ́lá. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi mú Ventolin, ínhélà aláwọ̀ búlúù yẹn." Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù méjì. Mo ní, "Mà, aláwọ̀ búráùn tí dókítà kọ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ara ọmọ ti yá, a ti pa ìyẹn tì. Wọ́n ní ó máa ń di bárakú."

Èyí tó wá rà gan-an ló ti fẹ́ di bárakú, kò kàn mọ̀ ni.

Nǹkan mẹ́ta ló ń dí ọ̀nà èémí nínú ásímà: iṣan tó yí i ká á fún un, inú rẹ̀ á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì kún ibẹ̀. Ara ọmọ ló ṣi eruku tàbí ìgbẹ́ aáyán mú, tó rò pé ọ̀tá ni. Ogun tó ń bá a jà ló di wíwú yẹn. Salbutamol tó wà nínú búlúù, iṣan nìkan ló ń tú. Ọmọ á mí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ tó bá fi máa di wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, agbára òògùn ti tán, wíwú ṣì wà níbẹ̀. Búráùn ló ń bá wíwú jà, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù kiri àdúgbò. Kó ṣáà máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2019 ni GINA, tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú ásímà jáde kárí ayé, ti ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún 12 má fi salbutamol nìkan tọ́jú ara mọ́. Ti àwọn tó kéré sí i, dókítà ni kó sọ ọ́.

Àwọn míì á ki ínhélà bọ ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ́nu, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní "Fà á!" Ọ̀fun ni èyí tó pọ̀ jù nínú òògùn náà ń lẹ̀ mọ́. Spacer, ike tó ń wà láàárín ínhélà àti ẹnu ọmọ, ló yẹ kí wọ́n fi sí i. Ó wọ́n, mo mọ̀. Àmọ́ lọ́dún 1999, àwọn dókítà ní South Africa fi ike omi mílílítà 500 ṣe é fún àwọn ọmọ tí ásímà dà láàmú, ó sì ṣiṣẹ́ bíi ti olówó ńlá. Ìdí ike ni wọ́n ń lu. Ihò náà gbọ́dọ̀ fún mọ́ ẹnu ínhélà pinpin. Ọmọ á wá fi ẹnu ike mí sínú mí síta bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ìbejì kan ládùúgbò wa fi ọ̀bẹ gé tiẹ̀, ihò náà fẹ̀ débi pé òògùn ń rú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èéfín sítóòfù.

Ẹ má ju ínhélà sómi láti mọ̀ bóyá ó ti tán. Kò ń sọ òótọ́, omi sì lè dí i lẹ́nu. Ẹ wo iye títẹ̀ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Tó bá jẹ́ 200, tí ọmọ ń gba mẹ́rin lóòjọ́, àádọ́ta ọjọ́ ni.

Àdí nímú? Rárá o. Òróró yẹn lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bí àyẹ̀wò bá sì ní IgE ọmọ ga, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ sí i tí ara bá kọ nǹkan, ẹ má tìtorí rẹ̀ fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀pà dù ú. Aràn inú náà máa ń gbé IgE ga. Ẹ bi dókítà kí ẹ tó dá oúnjẹ dúró.

Ní ti aáyán, ẹ lé e, kódà ìwádìí kan ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà lọ́dún 1997 rí i pé àwọn ọmọ tí ara wọn kọ aáyán, tí aáyán sì pọ̀ ní yàrá wọn, ló ń wọ ọsibítù jù. Ṣùgbọ́n ẹ má fín òògùn apakòkòrò sí yàrá tí ọmọ wà nínú rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àyà tó ń súfèé tó wá dákẹ́. Bàbá kan pè mí lóru ọjọ́ kan: "Ó ti dákẹ́ o, bóyá ó fẹ́ sùn." Mo ní kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ṣé awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó lè sọ gbólóhùn kan tán? Kò lè sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ máa tẹ búlúù fún un lójú ọ̀nà, ẹ gbé e lọ ọsibítù UCH báyìí-báyìí, ẹ má dúró se àgbò." Èémí tó ń wọlé ò tó èyí tó lè súfèé mọ́ ni.