Bí mo ṣe wọn power bank Màmá POS lójú gbogbo èèyàn

Mo máa ń ta ṣájà, íápíìsì, kọ́ọ̀dù àti power bank, mo sì ń tún fóònù ṣe díẹ̀díẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí gééètì yunifásítì FUTA níbí ní Àkúrẹ́. Ní Túsìdeè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́jọ ò tíì lù dáadáa tí Màmá POS ti dé. Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nìyẹn torí POS ni wọ́n ń ṣe lápá Ọjà Ọba, wọ́n sì dàgbà tó ìyá mi. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn, wọ́n kàn gbé power bank tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi ní bí oṣù kan sẹ́yìn lé orí káńtà. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ìwọ náà lè ṣe mí báyìí. Iná 20,000mAh ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ti fóònù mi, 5,000. Ọmọ-ọmọ mi bá mi ṣírò ẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ kó gba iná sí fóònù mi kó kún. Kò ju ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ tó ń ṣe lọ. Ìyókù dà?”

Ó dùn mí, torí mi ò ta ayédèrú rí. Ṣùgbọ́n mi ò lè bínú sí wọn, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìṣirò máa sọ ohun tí ọmọ-ọmọ wọn sọ, 20,000 tá a bá pín in sí ọ̀nà 5,000, mẹ́rin ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ń ta power bank lólè nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ẹni tí wọ́n ń pè lólè ò jalè, ẹni tó sì jalè gan-an wọ́n á máa yìn ín. Màá dé ibẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi ẹnu ṣàlàyé. Mo ní màámi, bíi kókó ni, ẹ̀yin ará Ìdànrè mọ̀ pé kókó tútù tẹ́ ẹ bá sá a sóòrùn, ìwọ̀n ẹ̀ á já ju ìdajì lọ kó tó gbẹ. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Omi ló ń jáde lára kókó. Kí ló ń jáde lára èyí?” Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò sì ní èsì tó máa wọ̀ wọ́n létí lọ́jọ́ yẹn, ni mo bá ní ẹ fi sílẹ̀ fún mi, ẹ padà wá lọ́la láàárọ̀, a máa wọ̀n ọ́n lójú yín, tí mo bá rẹ́ yín jẹ màá dá owó yín padà kó pé.

Mítà tí mo fi wọ̀n ọ́n ò ju àtàǹpàkò lọ, ẹ máa kì í bọ ẹnu USB power bank, á máa fi fóltì hàn, á fi ampere hàn, ìyẹn bí iná ṣe ń ṣàn tó, á sì máa ka mAh àti Wh, ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń ka iye iná, tó ti gbà á kọjá láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èkejì ẹ̀ ni nǹkan kékeré kan tó ní rẹsítọ̀ àti fáànù, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa jẹ iná lọ, tẹ́ ẹ bá ní kó jẹ 2A (ampere méjì), 2A náà ni á máa jẹ títí iná fi máa tán. Ìdí tí mi ò fi lo fóònù nìyẹn, torí fóònù máa ń gba iná wìrìwìrì níbẹ̀rẹ̀, tó bá ti ń sún mọ́ kíkún á wá máa rọra, tí ẹnìkan bá tún wá pè é báyìí nọ́ńbà á dàrú. Gbogbo Túsìdeè yẹn ni mo fi gba iná sí power bank náà, iná wá, iná lọ, sólà tó wà lórí òrùlé ló bá mi parí ẹ̀, títí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lára ẹ̀ fi dúró láì ṣẹ́jú.

Ní Wẹ́sìdeè, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá ti jókòó. Mo ní kí wọ́n fojú ara wọn rí i pé 0 ló wà lójú mítà, mo sì yí i sí 2A. Nígbà tó fi máa di wákàtí kan, mítà ti ka bíi 2,000. Wọ́n ní ṣé ó máa wá dé 20,000 báyìí? Mo ní rárá, kò ní dé 15,000 pàápàá, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ariwo kó tó wá sí mi lọ́kàn pé owó ni iṣẹ́ wọn, kí ló dé tí mi ò fi owó ṣàlàyé ẹ̀.

Mo ní màámi, mAh yìí, bébà owó ló ń kà. Kò sọ iye tó wà lójú bébà. Fóltì ló ń sọ iye tó wà lójú ẹ̀. Bátìrì inú power bank yín 3.7 fóltì ni, bíi pé ẹ ní bébà 20,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà 3.70, àpapọ̀ ẹ̀ náírà 74,000. Ṣùgbọ́n ẹnu USB ò gba bébà náírà 3.70, náírà 5 ló ń san jáde torí 5 fóltì ni. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ 74,000 yẹn sí bébà náírà 5, bébà mélòó ni? Wọ́n fi ẹ̀rọ ìṣirò fóònù wọn pín in, 14,800. Mo ní owó ò tíì sọnù, bébà ló dínkù. Wh tẹ́ ẹ ń rí lójú mítà yẹn ni owó gan-an, 74Wh ló wà nínú bátìrì yín.

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń bá wa pààrọ̀ owó ọ̀hún ńkọ́, ọ̀fẹ́ ló ń ṣe é?”

Mo pariwo! Ẹni tó wà lójú títì á gbọ́ mi. Mo ní charge yẹn gan-an ni màámi, bí owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ń yọ nídìí POS, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn power bank yẹn wò. Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó ń gbóná fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo ní charge tiẹ̀ nìyẹn, ooru ló fi ń gbà á. Tí iná bá tún dé inú fóònù, fóònù náà á tún pààrọ̀ 5 yẹn sí tiẹ̀ tó jẹ́ bíi 3.85, òun náà á yọ charge. Màmá ní, “Bí ẹni tó gba owó lọ́wọ́ mi, tó tún lọ bá ẹlòmíì pé kó bá òun fi sí àkáǹtì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa san.” Mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ dáa jùyẹn lọ rí, èmi náà ti ń lò ó fún àwọn oníbàárà báyìí.

Mo wá yí power bank yẹn dojú dé, mo fi ìlà kan hàn wọ́n lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́, Rated Capacity 12,000mAh, 5V. Iye tí ilé iṣẹ́ fúnra wọn sọ pé ó máa jáde lẹ́nu USB nìyẹn. Inú mi ò dùn sí bí wọ́n ṣe ń kọ 20,000 gàdàgbà síwájú, tí wọ́n á wá kọ èyí tó máa wúlò fún èèyàn bí ẹsẹ̀ eèrà sẹ́yìn. Wọn ò purọ́ o, ṣùgbọ́n nǹkan tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti oníbàárà nìyẹn.

Gbogbo àsìkò tí mítà ń kà yìí, èèyàn ti ń kún ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọlọ́kadà, àwọn ọmọ iléèwé, Bàbá tó ń tún bàtà ṣe níwájú wa, oníkálukú sì ń mú tiẹ̀ wá. Bàbá ní tó bá jẹ́ fóònù tuntun, wákàtí mẹ́jọ lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi gba iná sí i, lẹ́yìn ìyẹn kó máa lò ó kó kú pátápátá kó tó tún fi sí iná. Mi ò bu Bàbá lẹ́nu lù, torí ìmọ̀ràn yẹn wúlò nígbà kan. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ 2001, Nokia 3310 ló wà lọ́wọ́ èèyàn, irin tó ń jẹ́ nickel ló sì wà nínú bátìrì tó bá ọ̀pọ̀ ẹ̀ wá. Bátìrì nickel àtijọ́, pàápàá èyí tí wọ́n fi cadmium ṣe, tó bá jẹ́ pé ìdajì lẹ máa ń lò kẹ́ ẹ tó tún gba iná sí i, ó lè máa ṣe bí ẹni pé ìdajì yẹn nìkan ló ní. Lithium ló wà nínú fóònù wa báyìí, Sony ló kọ́kọ́ gbé e jáde fún títà ní 1991, àwọn mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ẹ̀ ní 2019. Lithium ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Tẹ́ ẹ bá ń jẹ́ kó kú dé 0 ní gbogbo ìgbà, ẹ̀ ń dín ọjọ́ ayé ẹ̀ kù ni, àárín 20 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló fẹ́ràn jù. Bàbá ní, “Ọmọ tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní nǹkan yìí ti bímọ.” Èmi náà ti sọ ọ́ fún oníbàárà nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, bí wọ́n ṣe sọ fún mi ni mo ṣe sọ fún wọn.

Ọmọbìnrin kan bèèrè pé ṣé fóònù tó sùn lórí iná máa bú gbàmù. Mo ní tó bá ti kún òun fúnra ẹ̀ ló ń dá iná dúró, ooru ni kó sá fún, kó má fi sábẹ́ pílò, kó má fi síwájú mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹnìkan ní ìrẹsì ni òun ń ki fóònù tó bá bọ́ sómi sí, mo ní Apple fúnra wọn sọ ọ́ síta ní 2024 pé ká má ṣe é mọ́, eruku ìrẹsì lè kó wọ ihò ṣájà, ká gbọn omi ẹ̀ dànù ká fi síbi tí atẹ́gùn wà. Ti àwọn tó ń ti gbogbo app pa ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú kí bátìrì lè pẹ́, mo ní iná tí fóònù fi máa ṣí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó fi máa gbé wọn padà lọ. Mi ò pẹ́ lórí àwọn yẹn torí ojú Màmá ò kúrò lára mítà.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjì, power bank náà kú. 12,400mAh, 61.6Wh. Nínú 74Wh, 61.6 jáde, ìyẹn bíi 83 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tiẹ̀ ju 12,000 tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ lọ. Màmá ní ṣé fóònù òun wá ńkọ́, mo ní ẹ fi í sílẹ̀ lọ́la. Ní Tọ́sìdeè mo jẹ́ kó kú, mo fi sí iná pẹ̀lú mítà láì tàn án títí tó fi kún, 22.6Wh ló jẹ, bẹ́ẹ̀ bátìrì inú ẹ̀ ò ju bíi 19Wh lọ. Ẹ pín 61.6 sí 22.6, ẹ̀ẹ̀mejì àti díẹ̀ lókè ààbọ̀. Màmá sì ń tan hotspot fún ẹ̀rọ POS bí wọ́n ṣe ń gba iná sí i lọ́wọ́, torí ẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ wọn fi rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, “Nígbà náà, o ò jí nǹkan mi.” Wọ́n ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Nígbà tá a wà lẹ́nu ẹ̀ ni ọmọkùnrin kan tó ti ń rẹ́rìn-ín láti àná mú tiẹ̀ jáde. 50,000mAh ló wà lára ẹ̀, gígùn bíi búlọ́ọ̀kù, náírà 9,500 ló rà á lójú ọ̀nà. Ó ní ẹ wò ó, èyí gan-an ni power bank. Mo gbà á, ọwọ́ mi ti sọ fún mi kí n tó wọ̀n ọ́n. Mo yá ìwọ̀n lọ́wọ́ ìyàwó mi tó ń ṣe kéèkì, ti Màmá wọn gíráàmù 430, ti ọmọ yìí gíráàmù 175. Bátìrì lithium ní ìwúwo, kò sí bí iná ìlọ́po méjì ààbọ̀ ṣe máa wà nínú nǹkan tí kò wúwo tó ìdajì. Mo tún bèèrè bóyá ó máa ń wọ ọkọ̀ òfurufú. Òfin tí wọ́n ń lò kárí ayé ni pé power bank tó bá ju 100Wh lọ, èèyàn ò gbọ́dọ̀ gbé e wọlé láì gba àṣẹ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gidi tí wọ́n dúró sí 26,800, torí 99Wh nìyẹn. 50,000 lóòótọ́ á jẹ́ 185Wh.

Kò lè gbé 2A rárá, fóltì já sí 4.3 lójú ẹsẹ̀, mo ní láti dín in kù sí 1A. Kò pé wákàtí mẹ́rin tó fi kú, 3,900mAh, 19.3Wh. Nínú 185. Ojú ọmọ náà yí padà, ó sì dùn mí gan-an torí owó iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ni. Mo ní kó má tú u o, lithium tí wọ́n bá fi irin gún lè gbiná, kó ya fọ́tò ojú mítà àti ti ìwọ̀n, kó gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á fún un. Màmá ní kó sọ fún wọn pé òun náà wà níbẹ̀ nígbà tá a wọ̀n ọ́n.

Ní Sátidé ó padà wá, wọ́n ti fún un ní náírà 6,000 padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fẹ́ ra 10,000mAh kan lọ́wọ́ mi. Mo nà án sí i, kó tó mú owó jáde ó ti yí i dojú dé, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí i, ó ń wá ìlà wẹ́wẹ́ yẹn.