Loom: bí o ṣe lè ta á láìṣi ọfọ̀ pè

Nínú Loom, géèmù tí Brian Moriarty ṣe fún Lucasfilm Games lọ́dún 1990, kò sí àpò tí wàá kó nǹkan sí, kò sí idà, kò sí ìbọn. Ọ̀pá ìrànwú ni Bobbin Threadbare, ọmọ ẹgbẹ́ ahunṣọ, mú dání, ohùn orin ló sì ń jáde lára ọ̀pá náà bó o bá tẹ̀ ẹ́. Ohùn mẹ́rin ní ń di ọfọ̀ kan. Bíírò àti ìwé ni kó o kọ́kọ́ wá o, kó o tó fọwọ́ kan máòsì.

Ẹ̀dà CD ọdún 1992, èyí tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń fẹnu sọ̀rọ̀, ni wọ́n ń tà lórí Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ fóònù Android lo fẹ́ fi ta á, tàbí kọ̀ǹpútà tí kò lo Windows, wa ScummVM sílẹ̀, ètò tó ń mú àwọn géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Kó gbogbo ohun tó wà nínú fódà géèmù náà sí i, tẹ "Add Game", kó o sì yan fódà yẹn. Ibi tí ọwọ́ ti ń tàsé nìyí: àwọn kan á kó àwọn fáìlì yòókù, wọ́n á fi CDDA.SOU sílẹ̀ torí ó tóbi. Inú fáìlì ńlá yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin wà. Láìsí i, Bobbin á kàn máa yanu lásán ni. Ẹni tó ní àwo CD gangan á yọ orin inú rẹ̀ sí track1.ogg, á fi í sínú fódà kan náà.

Géèmù á bi ọ́ bóyá Practice, Standard tàbí Expert lo fẹ́. Practice ní àpótí kan tó ń kọ ohùn tó bá dún. Standard ò ní àpótí yẹn, ṣùgbọ́n lẹ́tà ohùn wà lára ọ̀pá. Ní Expert, etí rẹ nìkan ló kù. Standard ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Practice máa ń sọ etí dọ̀lẹ.

Ohùn mẹ́ta ni ọ̀pá kọ́kọ́ ní: C, D, E. Dò, re, mí nìyẹn, èyí tí a fi kọ́ àmì ohùn nílé ìwé, nítorí náà ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀ rárá. Lẹ́yìn tí àwọn àgbà ahunṣọ bá ti pòórá, tẹ ẹyin tó ṣẹ́ kù lẹ́ẹ̀mejì, á kọ ọfọ̀ ìṣínǹkan fún ọ: E-C-E-D, mí-dò-mí-re. Sọ ọ́ lẹ́nu báyìí: "Wá gbà á lọ." Bó o bá kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá, D-E-C-E, ó di "Ẹ wá wò ó", ohun tó ṣí á sì padé. Wá irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ̀, kò ní sá mọ́ ọ lórí. Àmọ́ nígbà tí F àti G bá dé, ohùn mẹ́ta èdè wa ò gbà á mọ́. Kọ lẹ́tà nìkan.

E-C-E-D kì í yí padà. Ọ̀pọ̀ àwọn yòókù ń yí padà nígbàkígbà tí o bá bẹ̀rẹ̀ géèmù tuntun, ìdí nìyẹn tí ọfọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ kì í fi í jẹ́. Bó o bá gbọ́ ọfọ̀ tí ohùn kan nínú rẹ̀ kò tíì sí lára ọ̀pá rẹ, kọ ọ́ sílẹ̀ náà. Ọjọ́ ń bọ̀.

Kó o tó kọ ọfọ̀, tẹ ohun tí o fẹ́ kọ ọ́ sí, kó o sì wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún bóyá àwòrán rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọfọ̀ tó bá bọ́ sára nǹkan mìíràn, òfo ni, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé lẹ́tà ni wọ́n ṣì kọ.

Má tètè fi erékùṣù àkọ́kọ́ sílẹ̀. Àwọn òwìwí inú igi ní ọfọ̀ ìríran lókùnkùn. Fi í wọ àgọ́ tó ṣókùnkùn, wàá rí ẹ̀rọ ìrànwú tó ń sọ koríko gbígbẹ di wúrà. Ìkòkò aró náà ní ọfọ̀ tiẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé ni kó o lọ sórí òkè, kó o kọ E-C-E-D sí ojú ọ̀run. Mànàmáná á wó igi sínú òkun, òun sì ni ọkọ̀ rẹ.

Lójú omi, ìjì tó ń yí bí òòyì á dí ọ lọ́nà. Tẹ̀ ẹ́, gbọ́ ọfọ̀ yíyí lẹ́nu rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o wá kà á láti ọ̀tún sí òsì nígbà tí o bá ń kọ ọ́ padà. Ìjì á tú. Ẹni tó bá kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ lè jókòó síbẹ̀ di alẹ́.

Ọfọ̀ aró ni wàá fi sọ àwọn àgùntàn di àwọ̀ ewé, kí dírágónì má baà rí wọn láàárín koríko. Nígbà tó bá gbé Bobbin lọ sí ihò rẹ̀, òkìtì wúrà ni kó o dojú kọ, kì í ṣe ẹranko náà. Kọ ọfọ̀ wúrà láti ẹ̀yìn, òkìtì á di koríko gbígbẹ, iná ẹnu dírágónì fúnra rẹ̀ á sì mú un.