Bí Mo Ṣe Kọ Lẹ́tà Bíi Ti Ayé Queen Victoria

Mo kọ lẹ́tà kan bíi pé mo wà láyé Queen Victoria: mo fèsì sí lámèétọ́ ìwé kan nínú rẹ̀, mo sì ṣàpèjúwe ojú ọ̀run. Oṣù kẹwàá ọdún 1858 ni mo fi lẹ́tà náà sí, láti Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lásìkò yẹn, ìràwọ̀ onírù tí Giovanni Donati kọ́kọ́ rí ní Florence lóṣù kẹfà ti ń tàn débi pé ojú lásán tó o.

Tàdáwà ni mo kọ́kọ́ pò. Mo gún kókó tó máa ń wú lára igi óákù, gíráàmù 30, mo rẹ ẹ́ sínú omi mìlílítà 300 di ọjọ́ kejì, mo sẹ́ ẹ, mo wá da ferrous sulphate (iyọ̀ tó ní irin nínú) gíráàmù 20 àti gọ́ọ̀mù arábíìkì (oje igi tó ń lẹ̀) gíráàmù 10 sí i. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìwé, kì í dúdú tó; atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ dúdú, ẹ má tìtorí ìyẹn fi kún un. Bí ferrous sulphate bá pọ̀ jù, á jẹ ìwé tó bá yá. Bí gọ́ọ̀mù bá kéré, tàdáwà á tàn káàkiri. Bó bá pọ̀, kò ní ṣàn lẹ́nu gègé. Gègé irin tuntun máa ń ní òróró lára, nítorí náà mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

Abala ìwé kan ṣoṣo ni mo lò, mo ṣẹ́ ẹ po kó lè ní ojú mẹ́rin. Kó tó di ọdún 1840, iye abala àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n fi ń gba owó lẹ́tà, ẹni tó gbà á ló sì sábà ń san án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dábùú ìwé, tí wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ míì kọjá lórí ti àkọ́kọ́. Àní nígbà tí owó ti di pẹ́nì kan fún ìlàjì áńsì, àṣà náà kò kúrò. Mo fi sẹ̀ǹtímítà kan sáàárín ìlà, mo sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ pátápátá.

Ibi tí mo ti fèsì sí lámèétọ́ kò le. Láyé ìgbà yẹn, ìwé ìròyìn Edinburgh Review àti Quarterly Review kì í sábà kọ orúkọ alámèétọ́, nítorí náà mo da gbólóhùn tó dùn mí kọ, mo fèsì, mo wá méfò ẹni tó kọ ọ́.

Ibi tí mo ti ṣàpèjúwe ojú ọ̀run gan-an ni mo fara balẹ̀ sí. “Ó lẹ́wà púpọ̀” kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ wo ohun kan náà láti ìlú míì. Ọjọ́, wákàtí, ìhà àti ìwọ̀n ló ń fẹ́. Ẹ na apá tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́: ìbú ẹ̀ṣẹ́ náà tó ìwọ̀n dígírì 10, ìka ọmọńdinrín tó 1. Lọ́jọ́ 5 oṣù náà, orí ìràwọ̀ onírù yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arcturus, ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ gan-an, ní ìwọ̀ oòrùn, nítorí náà Arcturus ni mo fi ṣe àmì, mo sì kọ bí ìrù rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọrọdọ àti iye ẹ̀ṣẹ́ tó gùn. Mo kọ “àkókò Greenwich” (aago Greenwich ní London) síwájú wákàtí, torí pé aago oòrùn Bristol fi ìṣẹ́jú 10 rẹ̀yìn sí ti Greenwich, òfin kò sì so gbogbo ìlú pọ̀ mọ́ aago kan títí di 1880.

Nígbà tí mo ń fi ìda pupa lẹ̀ ẹ́, mi ò jẹ́ kí iná kàn án, kí èéfín má bàa sọ ọ́ dúdú. Mo fi omi ra ojú òǹtẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, mo jẹ́ kó tutù kí n tó ká a kúrò. Bí èèyàn bá kánjú, ìda á fà. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lóde òní, ẹ fi í sínú àpò lẹ́tà míì, torí pé ẹ̀rọ tó ń to lẹ́tà máa ń fọ́ ìda.