Bí Mo Ṣe Fòpin sí Ọ̀rọ̀ Olólùfẹ́ Orin Kan Tó Ń Tọ̀ Mí Lẹ́yìn Délé

Ibi ìsìnkú àgbà kan ní Ìjẹ̀mọ̀, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀ lórí máíkì. Ẹnì kan ló kọ orúkọ náà sórí bébà pélébé, ó fi lé mi lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mo sì kì í bí mo ṣe ń ki gbogbo èèyàn. Alhaji ni mo máa pè é níhìn-ín. Ó dìde, ó jó wá síwájú, ó náwó fún èmi àti àwọn ọmọ báńdì, ó padà lọ jókòó. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i ní Òkè-Ìlẹ̀wó. Mo tún rí i ní Ṣàgámù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò sí òde tí a ti ṣeré tí n kò ní rí fìlà rẹ̀ lápá ọ̀tún, títí kan ìsọmọlórúkọ kan ní Ìlaròó tí ẹni tó ni òde ti ń bi mí pé ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni, torí òun kò pè é, ìyàwó òun náà kò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí lè má mọ ìdí tí a kì í fi í tètè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n fi gba báńdì, owó ọkọ̀ àti owó ẹ̀rọ ohùn á ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn bá ná fún wa lójú agbo ni èèyàn mẹ́sàn-án ń pín relé lóru. Alhaji nìkan máa ń náwó tó tábìlì mẹ́ta. Bí mo bá kojú rẹ̀, oúnjẹ ọmọ onílù ni mo ń kojú. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó yìí náà ló ṣí ilẹ̀kùn ilé mi fún un. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti ọdún 2007, abala 21, ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà lójú agbo tàbí tó ń jó lé e lórí lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnikẹ́ni kò fi ka òfin yẹn sí. Ọdún 2024 ni EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, wá dìde sí i, tí Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára, fi lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń náwó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, àwa náà kọ ọ́ sára páálí, a gbé e síwájú. Àkáǹtì tèmi la lò, ti irú báńkì orí fóònù tí nọ́ńbà fóònù èèyàn fi ń jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Bí Alhaji ṣe rí nọ́ńbà mi nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ kú àárọ̀". Lẹ́yìn náà ló di aago méjì òru. Tí n kò bá gbé e, á fi nọ́ńbà mìíràn pè. Ó fi ₦150,000 ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan pé kí n fi ra káàdì fóònù. Nígbà Iléyá, ó gbé itan àgbò àti àpò ìrẹsì wá sílé mi, ọkọ mi ló bá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń pe ọkọ mi ní "àna". Ọkọ mi rẹ́rìn-ín sí i torí ó rò pé eré ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí n kò sọ ibi tí mò ń gbé fún un rí.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ó ti tó ni ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, dé láti iléèwé pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, tó ní ọ̀rẹ́ mọ́mì tó ń jó ló fún òun lẹ́nu géètì. Gbogbo ara mi gbọ̀n. Mo gbé ọmọ náà mọ́ra, n kò lè sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún ọkọ mi, tọ́rọ̀tọ́rọ̀, mo sì lọ bá onílù gángan wa. Ọmọ ilé Àyàn ni, Bàbá Àyàn ni gbogbo wa ń pè é, ó sì ti ń lu ìlù fún olórin kí wọ́n tó bí mi. Mo rò pé á kọ́kọ́ bínú sí Alhaji. Èmi ló yíjú sí. Ó ní, "Ìyá Tèmi, ìwọ lò ń pè é. Bó bá ti wọlé, orúkọ rẹ̀ lo fi ń gbé orin. Ọkùnrin wo ló máa gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu obìnrin lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lálẹ́ kan, tí kò ní rò pé òun nìkan lo wá kọrin fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì bá a jiyàn. Iṣẹ́ mi ni kí n ki èèyàn. Alágbẹ̀dẹ tó rọ àdá kọ́ ló rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ibi. Títí di òní, n kò gbà pé ẹ̀bi mi ni: ẹni tó san owó orin kò ra olórin. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́, mo rí i pé ibi tó tọ́ka sí ni ibi tí ọwọ́ mi lè tó.

Orí pèpéle ni mo ti kọ́kọ́ tún nǹkan ṣe. Mo dá orúkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu mi. Bó bá wọlé, ọkùnrin tó ń gbè fún mi ló máa ń kí gbogbo tábìlì náà pọ̀: "gbogbo ẹ̀yin èèyàn pàtàkì tẹ́ ẹ wà lápá ọ̀tún, ẹ kú ìnáwó o." Wọn kò dá orúkọ ẹnikẹ́ni pè lára wọn. Bó bá ki ọwọ́ bọ àpò, ẹlòmíràn ló ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, èmi á ti kọjá sápá òsì. Páálí àkáǹtì mi kúrò níwájú. A ṣí àkáǹtì tuntun lórúkọ báńdì, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ máníjà. Lọ́sẹ̀ kejì, Alhaji ti ń na ọrùn wò mí bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Bàbá Àyàn fẹ́ fi ìlù bá a wí lójú agbo. Gángan lè sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ, gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ á sì gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n bá dójú tì láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lè di ọ̀tá, èmi kò sì fẹ́ ọ̀tá tó mọ iléèwé ọmọ mi.

Ìgbà yẹn ni mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i. Ìyẹn gba odidi ọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ tí mo pa á rẹ́, torí gbogbo rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ má bínú". Bí a bá ní kí irú wọn má bínú, wọ́n á dáhùn pé àwọn kò bínú, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Alhaji, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ṣeun fún ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí orin wa. Láti òní lọ, ẹ má pè mí mọ́, ẹ má wá sílé mi mọ́, ẹ má sì dé iléèwé àwọn ọmọ mi mọ́. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba báńdì fún òde, máníjà wa ni kẹ́ ẹ pè."

Mo dá ₦150,000 yẹn padà sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan nínú báńdì ní kí n jẹ ẹ́. Èyí tó ná lójú agbo, iṣẹ́ la fi gbà á, ó ti parí. Ti káàdì yìí kò níṣẹ́ lẹ́yìn, n kò sì fẹ́ kó rí i dì mú.

Àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́kànlá ló fi dáhùn lóru ọjọ́ náà. Nínú ọ̀kan, ó ní ta ló ń ba òun jẹ́ lójú mi. Nínú òmíràn, ó ní òun ló sọ mí di olórin. N kò fèsì sí ẹyọ kan. Mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi kó lè wà níbi méjì, mo sì ra ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọjọ́, aago àti ibi tí mo ti rí i sí. Agbẹjọ́rò kan tí a ṣeré fún ló kọ́ mi ní èyí. Òun náà ló sọ fún mi pé òfin tó ń dènà ìwà ipá sí èèyàn, tí wọ́n ń pè ní VAPP, ti ọdún 2015, ka títọ èèyàn lẹ́yìn kiri sí ẹ̀ṣẹ̀, pé ó lè di ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2 tàbí ìtanràn tó tó ₦500,000, àti pé ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2017. N kò mọ̀ ọ́n rárá títí di ọjọ́ náà. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo obìnrin olórin tí mo mọ̀ láti ìgbà yẹn.

Ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ní Kútọ̀, a ń kó ẹrù, mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì wa. A ti fẹnu kò pé n kò ní dá rìn dé ìdí ọkọ̀ mọ́, nítorí náà èèyàn mẹ́rin ló wà pẹ̀lú mi. Kò sọ̀rọ̀. Mo wọ ọkọ̀, a lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi àti Bàbá Àyàn mú ìwé kékeré yẹn àti fóònù lọ bá baálé agboolé Alhaji. Bó bá jẹ́ pé ó halẹ̀ mọ́ mi rí ni, n kò ní jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀ rárá, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni màá fi í sí. Bàbá náà ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó ránṣẹ́ pe Alhaji, ó ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ lójú wọn. Alhaji ní orin mi lòun fẹ́ràn, pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Bàbá náà ní, "Ṣé wọ́n ń kọrin lẹ́nu géètì iléèwé ni?"

Kò rí nǹkan sọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ ọkọ mi. Ọkọ mi ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Oṣù mẹ́jọ kọjá tí n kò fi rí i. Ibi ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti tún rí i, òun àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn. Àyà mi là gààrà. Mo wo Bàbá Àyàn, ó mi orí sí mi pé kí n máa kọrin lọ. Alhaji kò dìde nílẹ̀. Nígbà tí òde kù díẹ̀ kó parí, ìyàwó rẹ̀ ló jó wá síwájú, ó fi bébà pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Orúkọ ìyá tó bí i ló kọ síbẹ̀. Mo ki ìyá náà títí obìnrin yẹn fi bú sẹ́kún.