Fílítà tó ṣeé fọ̀ àbí ti bébà: bí mo ṣe yan ọ̀kan fún trọ́ọ̀kì mi

Ìgbà kẹta tí mo máa pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ trọ́ọ̀kì mi láàárín ọdún kan ni ọ̀rọ̀ náà sú mi. Ọ̀nà eléruku ni mo sábà máa ń gbà, ẹrù sì máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀, nítorí náà bébà funfun tí mo bá fi sí i kì í pẹ́ tó fi ń dúdú. Mo wá rò ó pé, kí ló dé tí n kò ra èyí tó ṣeé fọ̀, kí n sinmi? Ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé yóò bá ọkọ̀ dọ́jọ́ alẹ́, pé ẹ́ńjìnnì á sì túbọ̀ máa rí èémí mí.

Mo rà á. Òwú ni wọ́n fi ṣe é, ìpele mélòó kan láàárín wáyà tín-ín-rín, wọ́n sì ti fi ọ́ìlì pupa rin ín. Ọ́ìlì yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ihò ara òwú tóbi ju ti bébà lọ, ọ́ìlì ló ń mú eruku bó ṣe fẹ́ kọjá. Bébà ní tirẹ̀ kò fẹ́ ọ́ìlì rárá. Ihò rẹ̀ kéré, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ po léra-léra kí ojú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ lè pọ̀. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé eruku tó ti lẹ̀ mọ́ bébà máa ń bá a dá eruku tuntun dúró, débi pé èyí tó ti dọ̀tí díẹ̀ ń sẹ́ ju tuntun lọ. Mo máa padà sórí èyí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe mi wà.

Kí ẹ́ńjìnnì tó jó lítà pẹtiróò kan, afẹ́fẹ́ tó ń fà wọlé tó nǹkan bíi lítà 9,000. Ti dísù tèmi tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yanrìn kúnnákúnná tó bá bá afẹ́fẹ́ yẹn wọlé á máa ha sìlíńdà àti ríìngì inú rẹ̀, títí ọkọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì, á sì máa ha abẹ̀bẹ̀ inú tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀díẹ̀.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Ohùn ọkọ̀ yí padà díẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ó ti lágbára sí i. Etí mi ló ń tàn mí jẹ. Nígbà tó yá ni mo fọ̀ ọ́. Mo fín ọṣẹ rẹ̀ sí i, mo fi omi tí kò le ṣan án láti inú síta, kí ìdọ̀tí má bàa wọ apá tó mọ́, mo sì gbé e sí ibòji títí di ọjọ́ kejì. A kì í fi kọmpírẹ́sọ̀ gbẹ ẹ́, a kì í sì í fi iná yá a. Ọkọ̀ jókòó sílé lọ́jọ́ náà.

Ọ́ìlì ló dà mí láàmú. Ilà tín-ín-rín kan ní orí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ló yẹ, kéèyàn wá dúró bíi ogún ìṣẹ́jú kó ràn. Èmi rí i pé ibì kan ṣì funfun, n kò dúró, mo tún dà á sí i. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí iná ẹ́ńjìnnì tàn, ọkọ̀ sì ń lọ́ra bí mo bá tẹná. Mẹkáníìkì mi yọ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, ó fi hàn mí bó ṣe ń dán fún ọ́ìlì.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ fi ọ́ìlì wẹ fílítà yìí ni?"

Ó fín oògùn tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ sí i láìfọwọ́ kan wáyà inú rẹ̀, ọkọ̀ sì padà bọ̀ sípò. Òun ló ní kí n fi aṣọ funfun nu inú páìpù tó wà láàárín fílítà àti tọ́bò. Eruku lẹ̀búlẹ̀bú ló bá a jáde.

N kò fẹ́ dá òwú lẹ́bi láìwádìí, torí rọ́bà etí fílítà tí kò bá jókòó dáadáa náà lè fa irú rẹ̀. Mo nu páìpù náà mọ́, mo fi gíríìsì díẹ̀ pa rọ́bà, mo wa ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Eruku dín kù, àmọ́ ó ṣì wà. Mo wá fi bébà sí i, ọ̀nà kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Aṣọ funfun jáde bó ṣe wọlé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi dán an wò o, àmọ́ ọkọ̀ yẹn ni mo ń wà.

Ní ti epo tí wọ́n ní á dín kù, ilé ìwádìí Oak Ridge National Laboratory ní Amẹ́ríkà ti dán an wò ní 2009. Wọ́n rí i pé nínú ọkọ̀ pẹtiróò òde òní tí kọ̀ǹpútà ń ṣètò epo fún, fílítà tó dí pàápàá kò mú kó jẹ epo sí i. Eré rẹ̀ ló dín kù. Bí èyí tó dí kò bá fi epo ṣòfò, kí ni èyí tó ń mí jù fẹ́ fi pa mọ́?

Mẹkáníìkì tún bá mi de gééjì kékeré kan mọ́ páìpù náà, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣòro fún ẹ́ńjìnnì tó láti fà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn bébà mẹ́ta tí mo sọ nù kò tíì dí. Àwọ̀ wọn ni mo ń wò! Ní báyìí, n kì í ṣí àpótí fílítà àyàfi tí gééjì bá ní kí n ṣí i, n kì í sì í fi kọmpírẹ́sọ̀ fẹ́ bébà, torí ó lè lu ú níhò tí ojú kò ní rí.

Ẹni tó jẹ́ ọ̀nà ọ̀dà nìkan ló ń gbà, tó sì ní sùúrù ọ́ìlì, lè gbádùn ti òwú. Èyí tó ṣeé fọ̀ tí kò lọ́ọ́ìlì náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì lò ó. Òwú tèmi ti padà sínú páálí rẹ̀. Ó lè bá ọkọ̀ dọ́jọ́ alẹ́ lóòótọ́, níbi tó wà yẹn.